Smart switch fún fírísà àti pumping machine ní Ògbómọ̀ṣọ́: ó wúlò, àmọ́ ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè bóyá smart switch tí wọ́n ń fi fóònù darí yìí dáa fún èèyàn tó ń gbé nílùú wa, mo ti ń lò ó, ó sì dáa gan-an, àmọ́ nǹkan méjì péré ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó wúlò fún: fírísà àti pumping machine. Tó bá jẹ́ torí gílóòbù lẹ ṣe fẹ́ rà á, ẹ fowó yẹn ra gílóòbù LED, ìyẹn ti tó. Ẹja tútù ni mò ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sábó, ṣọ́ọ̀bù wà níwájú ilé, fírísà ńlá méjì ló wà níbẹ̀, kékeré kan wà nínú ilé, bọ́ọ̀hòlù sì wà lẹ́yìn, torí náà tí iná bá ti kọṣẹ́, owó mi ló ń yọ́ lọ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá, torí àwọn tó ń tà á níbí ń sọ ọ́ bíi pé tẹ́ ẹ bá ti rà á báyìí owó iná á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ fúnra ẹ̀, irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé London, ó wà lórí ètò kan tí Octopus Energy, iléeṣẹ́ kan tó ń ta iná níbẹ̀, ń ṣe tí wọ́n ń pè ní Agile, lórí ètò yẹn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni owó iná ń yí padà, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ wọ́n á gbé iye tọ̀la jáde kí kálukú rí i. Aago mẹ́rin sí aago méje ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wọ́n jù, torí ìgbà yẹn ni gbogbo èèyàn ń ti ibi iṣẹ́ dé tí wọ́n ń dáná, tó bá wá di òru, tàbí tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ dáadáa tí àwọn ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn ṣe iná ń ṣiṣẹ́, iye ẹ̀ á já wálẹ̀, ìgbà míì tiẹ̀ wà tó máa ń kọjá òdo lọ sísàlẹ̀, tó jẹ́ pé wọ́n á máa sanwó fún ẹni tó ń lo iná. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń ka iye yẹn nílé ẹ̀gbọ́n mi, òun ló ń tan ẹ̀rọ ìfọṣọ nígbà tó bá pọ́kú jù, wọ́n á ti sùn. Kó tó di pé Agile dé, Economy 7 ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ọdún 1978, wákàtí méje lóru tí owó iná máa ń rọlẹ̀. Ẹni tó bá wà nírú ibẹ̀ yẹn, kó ra smart switch lónìí, kó má dúró dọ̀la.

Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Mítà tó wà lára ògiri mi ò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán, yúnìtì kan ní aago méjì òru àti yúnìtì kan ní aago méjì ọ̀sán, iye kan náà ni. Band tí wọ́n fi àdúgbò yín sí ló ń pinnu iye tẹ́ ẹ máa san. Band A ni wọ́n ní kó máa rí iná ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, Band B 16, C 12, D 8, E 4. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, gbé ti Band A kúrò ní nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225 fún yúnìtì kan, wọ́n dín in sí ₦206.80 lóṣù karùn-ún, nígbà tó di oṣù keje ó tún gòkè dé ₦209.50. Ti àwọn tí kò sí ní Band A ò tó ₦100 lásìkò yẹn, àmọ́ ṣé ẹ máa rí iná ọ̀hún lò ni ìbéèrè.

Nítorí náà kò sí wákàtí kankan tí iná pọ́kú lórí mítà. Ohun tó yàtọ̀ ni irú iná tẹ́ ẹ̀ ń lò. Iná mẹ́ta ló ń wọ ilé mi, ti sólà, ti NẸPA, ti jẹnẹrétọ̀, iye owó wọn ò sì jọra rárá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, tó bá gbìyànjú, lítà epo kan á fún yín ní yúnìtì kan ààbọ̀ sí méjì, epo sì kọjá ₦1,000 lítà kan lọ́dún 2024, ẹ ṣírò ẹ̀ wò, yúnìtì kan á tó ₦500 sókè, a ò tíì ka owó ọ́ìlì àti owó mẹkáníìkì mọ́ ọn. Ti sólà ńkọ́? Owó ẹ̀ ti lọ lọ́jọ́ tá a rà á. Oòrùn tó bá wá ń ràn lẹ́yìn tí bátìrì ti kún tí kò sí nǹkan tó ń lò ó, ó ti ṣòfò nìyẹn, ínfátà á kàn dín ohun tó ń gbà látara páánẹ́ẹ̀lì kù, kò sẹ́ni tó máa dá a padà fún yín. Ibí yìí gan-an ni smart switch ti wúlò fún àwa tá a wà níbí. Kì í dín iná tí fírísà ń jẹ kù o, ìgbà tí fírísà máa jẹ ẹ́ ló ń sún.

Tẹ́lẹ̀ fírísà mi máa ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, tó bá fi máa di ìdájí bátìrì á ti máa ké, bàbá àwọn ọmọ á dìde lọ fa jẹnẹrétọ̀ nínú òkùnkùn. Ní báyìí mo ti yí bọ́tìnnì inú fírísà sí ibi tó tutù jù, láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ tí oòrùn ti mú títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ switch á jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ kí ẹja dì gan-an bí òkúta, tó bá di alẹ́ á pa á. Mo to àwọn ike omi tí mo bu iyọ̀ sí sáàárín ẹja àti sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, torí yìnyín lásán kì í yọ́ títí inú fírísà á fi gòkè dé òdo, ẹja á sì ti ń rọ̀ kó tó dé bẹ̀, àmọ́ omi iyọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ nígbà tí òtútù ṣì wà nísàlẹ̀ òdo dáadáa, òun ló ń di òtútù ọ̀sán mú di òru. Fírísà tó kún dẹ́múdẹ́mú tí ẹnì kankan ò ṣí lè tó wákàtí 48 kí nǹkan inú ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, èyí tí kò kún ju ìlàjì lọ nǹkan bí wákàtí 24, torí náà òru kan ò tó nǹkan. Mi ò ní í ṣí i lóru ṣá, ọmọ kankan ò sì gbọ́dọ̀ wá pure water nínú ẹ̀ lẹ́yìn aago méje, òfin ni nínú ilé yìí. Mo tún ní tẹmómítà tí wáyà ẹ̀ wọ inú fírísà, −18°C ló yẹ kí ẹja tó dì máa wà, tó bá ti gòkè dé −12°C fírísà á tàn lójú ẹsẹ̀ láìka aago sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta ẹja tàbí adìyẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ti ìpa lálẹ́ yìí láìsí tẹmómítà, nǹkan tí èèyàn máa jẹ sẹ́nu ni.

Pumping machine náà, ọgbọ́n kan náà ni. Ó máa ń fa omi láàárín aago méjìlá sí aago méjì ọ̀sán tí oòrùn wà lórí wa gangan, kò sẹ́ni tó tún ń tan án ní aago mẹ́fà àárọ̀ nígbà tí bátìrì ti rẹ̀ tán. Omi tó wà nínú táǹkì lókè yẹn, iná ọ̀sán la tọ́jú síbẹ̀, a ó sì lò ó títí di ọjọ́ kejì láìtan ohunkóhun. Ẹ wo táǹkì àti yìnyín yìí dáadáa kẹ́ ẹ tó lọ ra bátìrì kejì, bátìrì ń gbó, táǹkì kì í tètè gbó.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ẹ ò gbọdọ̀ gbé iná pumping machine gba inú smart switch kọjá tààrà. Wọ́n á kọ 16A sí i lára, ohun tí kì í fa iná púpọ̀ nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi wọn ìyẹn, àmọ́ mọ́tò tó bá ń bẹ̀rẹ̀ máa ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan ohun tó máa fà tó bá ti ń yí lọ. Ti aládùúgbò mi kan, inú ẹ̀ yọ́, ike ẹ̀ dúdú, Ọlọ́run ló yọ wọ́n tí kò fi di iná. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á ra contactor, ìyẹn switch ńlá tó lè gbé iná mọ́tò, contactor ni iná pumping machine máa gbà kọjá, smart switch á kàn máa pàṣẹ fún contactor. Owó ẹ̀ ò pọ̀. Oníná tó bá sọ fún yín pé kò pọn dandan, ẹ wá ẹlòmíì. Áyọ́ọ̀nù náà, hot plate náà, ohunkóhun tó ń gbóná tẹ́nì kankan ò dúró tì, ẹ má fi táímà sí i láé.

Ẹni tó bá mi ṣe é, ọmọ LAUTECH kan tó ń gbé Under-G ni, iṣẹ́ ẹ̀ dùn mọ́ mi nínú. Ó dé lásìkò tó dá, kó tó fọwọ́ kan wáyà ó jókòó, ó ní, "Mummy, ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń lò fún mi àti ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń lò ó," ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo ní kó so microwave mọ́ ọn, ó ní rárá mà, owó yín á ṣòfò, ẹ ẹ̀ rí i pé ọmọ yẹn lè gbowó lọ́wọ́ mi kó so ó. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí ẹnì kankan ò lò mọ́ ló gbé Home Assistant sí, sọ́fíwìa tó ń pàṣẹ fún àwọn switch yìí, ọ̀fẹ́ ni, ará Netherlands kan tó ń jẹ́ Paulus Schoutsen ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2013. Láptọ́ọ̀pù yẹn ṣe pàtàkì torí ó ní bátìrì tiẹ̀, tí iná bá lọ kò ní kú lójijì. Ohun tó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn Home Assistant ju áàpù tó ń bá switch wá ni pé inú ilé lohun gbogbo wà, dátà ì báà tán, fírísà mi á ṣì tàn lásìkò tó yẹ, bó bá jẹ́ áàpù yẹn nìkan ni, tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti lọ, ẹ ò ní lè fi fóònù darí nǹkan kan láti òde.

Òun ló tún kọ́ mi pé kí n má gbẹ́kẹ̀ lé aago nìkan. Lóṣù keje sí oṣù kẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú fún ọjọ́ gbọọrọ, aago mẹ́wàá lè lù kí oòrùn má sì sí, tí fírísà méjì àti pumping machine bá tàn nígbà yẹn, bátìrì ni wọ́n máa jẹ. Ínfátà mi lè sọ iye tó wà nínú bátìrì fún Home Assistant, torí náà òfin tó fi sí i ni pé tí bátìrì ò bá tíì dé 85%, pumping machine ò ní tàn, fírísà nìkan ló láǹfààní láti tàn. Ó tún fi plug kékeré kan sí ojú iná NẸPA ṣáájú changeover, tí plug yẹn bá ti jí, Home Assistant ti mọ̀ pé NẸPA ti mú iná dé, bátìrì tí kò kún á gba tiẹ̀, omi náà á lọ sókè ì báà jẹ́ òru, àmọ́ á kọ́kọ́ wo voltage, tí kò bá tó 180 kò ní tan nǹkan kan. Èyí dá mi lọ́rùn púpọ̀, torí iná tó rẹ̀ ló ń pa kọ́ńpírẹ́sọ̀ jù nílùú yìí.

Ibi tí mi ò fẹ́ràn: switch wọ̀nyí ò ní ìwé àlàyé tó ṣeé kà, Wi-Fi 2.4GHz nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀, tí ráútà yín bá ń lo 5GHz nìkan ẹ máa wá a títí, ó sì yẹ kí ọmọ yẹn kọ gbogbo password sínú ìwé fún mi kó tó lọ, ọjọ́ tí àwọn ọmọ yí ti Wi-Fi padà, gbogbo switch ló dákẹ́ títí ó fi padà wá. Ó wá o, kò sì gbowó kún un. Lórí epo, ohun tí mò ń rà lọ́sẹ̀ ti lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì, àwọn ọ̀sẹ̀ tí oòrùn bá mú gan-an, mi ò fa jẹnẹrétọ̀ rárá. 8 nínú 10 ni màá fún un, 9 ni màá fún ọmọ Under-G.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á so ó mọ́ iná lójú yín, kó yọ ọ́, kó tún so ó padà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á padà wá ní títàn ni àbí ní pípa, kó sì fi hàn yín nínú áàpù ibi tí wọ́n ti ń yí ìyẹn. Fírísà gbọ́dọ̀ wà ní pípa nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó dúró nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí gáàsì inú kọ́ńpírẹ́sọ̀ fara balẹ̀ kó tó tàn. Switch tí kò bá ní ibi tẹ́ ẹ ti lè yan ìyẹn, ẹ dá a padà fún un. Kó sì ní bọ́tìnnì tí ìyá àgbà lè fọwọ́ tẹ̀ láìsí fóònù.