Bíbélì Mímọ́ onílẹ́tà gàdàgbà: ẹ rà á fún àgbàlagbà tó ń retí Olúwa

Bí ojú yín bá ti ń ṣe bàìbàì bíi tèmi, tí ẹ sì ń retí ohun kan lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ẹ kò tíì rí gbà, mo fẹ́ kí ẹ ra Bíbélì yìí. Bíbélì Mímọ́ àtijọ́ náà ni, èyí tí àwọn òbí wa máa ń há mọ́ abíyá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi tẹ èyí. Ilé ìtàwé ìjọ kan nítòsí Aké, ní Abẹ́òkúta níbí, ni mo ti rà á. Ó wọ́n ju kékeré lọ dáadáa. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń tọ́jú owó kó tó pé. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, mo ti fẹ̀yìntì, owó ajẹmọ́nú mi ò sì tíì jáde di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí ìwé náà ṣe rí. Lẹ́tà rẹ̀ dúdú minimini, àyè sì wà láàárín ìlà kan sí èkejì. Bí iná bá lọ lálẹ́, tọ́ọ̀ṣì fóònù tó mi láti fi ka odindi orí kan láìwọ awò ojú. Orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan hàn ketekete lókè ojú-ewé, nítorí náà ẹ kò ní máa wá Hábákúkù títí tí oníwàásù á fi kúrò níbẹ̀.

Àwọn ibì kan kù díẹ̀ káàtó. Ìwé inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù, lẹ́tà ẹ̀yìn a máa yọ síwájú, pàápàá nínú Sáàmù. Ó tún wúwo. Ẹni tó fẹ́ràn àtimáa kàwé lórí ìdùbúlẹ̀ kò ní lè gbé e sókè pẹ́. Ìrọ̀rí ni mo máa ń gbé sórí itan kí n tó gbé e lé e. Síìpù ara èèpo rẹ̀ tètè yẹ̀, aránṣọ àdúgbò ló bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Àkọtọ́ àtijọ́ ló sì wà nínú rẹ̀, ọmọ-ọmọ mi máa ń kọsẹ̀ nídìí “nwọn” àti “yio”. Fún ọmọdé, ẹ ra ti òde òní.

Orí bẹ́ǹṣì ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ni mo ti mọ iyì rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá mọ irú ibẹ̀ mọ̀ pé ìjókòó ni iṣẹ́ wa: fáìlì lábẹ́ apá, fọ́tò pélébé nínú àpòòwé, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tó ti ń já níbi tí wọ́n ti ká a. Wọn á pe orúkọ, wọn á ní ká padà wá. Mo ṣí Bíbélì sórí itan. Bàbá kan tó jókòó tì mí, tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé rí, na ọrùn, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí i kúrò níbẹ̀.” Kò wọ awò. Láti ibi tó jókòó sí ló ti ń ka Jákọ́bù orí karùn-ún sókè, tó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà láìfọwọ́ kan ìwé: bí àgbẹ̀ ṣe ń retí èso iyebíye ilẹ̀, tó ń mú sùúrù dè é títí di òjò àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò. Gbogbo wa dákẹ́. Obìnrin kan lẹ́yìn ní kó tún un kà.

Ó tún un kà, ṣùgbọ́n òkè ojú-ewé ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Nínú Bíbélì kékeré mi, ẹsẹ keje nìkan ni mo ti fàlà sí, ojú mi kì í kúrò níbẹ̀. Nínú èyí, ẹsẹ kẹrin ò ṣeé fojú fò: ọ̀yà àwọn alágbàṣe tó kórè oko, tí àwọn ọlọ́rọ̀ ò san, ń ké rara, igbe wọn sì ti dé etí Olúwa. Jákọ́bù bá ẹni tó di owó oníṣẹ́ mú wí ná, kó tó yíjú sí oníṣẹ́ pé kó mú sùúrù. Mo fẹ́ kí gbogbo oníwàásù tó ń sọ̀rọ̀ lórí àkókò Ọlọ́run máa ka méjèèjì pa pọ̀. Wọ́n ti sọ fún àwọn kan nínú wa pé ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ló dí ọ̀nà owó wọn. Ẹ̀yin ará, ìyẹn ò sí níbẹ̀. Àwọn wòlíì àti Jóòbù ni Jákọ́bù ní ká wò, ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù sì fi kàn án gan-an nìyẹn, tí inú bí Ọlọ́run sí wọn. Mo gbà pé ọwọ́ Ọlọ́run ni àkókò wà. Mo tún gbà pé ẹni tí fáìlì wà lórí tábìlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ọ̀kan ò pa èkejì.

Ìwé Jákọ́bù yìí wà lára èyí tí Àjàyí Crowther kọ́kọ́ mú jáde ní Yorùbá, ní 1851, ọdún kan lẹ́yìn Róòmù. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ mọ̀ nípa ká retí nǹkan. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Nígbà tó fi padà wá gẹ́gẹ́ bí àlùfáà ní oṣù kìn-ín-ní 1845, Abẹ́òkúta ló ń bọ̀, ṣùgbọ́n Àgbádárìgì ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ há sí, torí Ṣódẹkẹ́, aṣáájú Ẹ̀gbá, ti kú, ọ̀nà ò sì dáa. Ó tó ọdún kan àtààbọ̀. Kò káwọ́ gbera níbẹ̀: ó ń wàásù, ó ń túmọ̀. Oṣù kẹjọ 1846 tó dé Abẹ́òkúta náà ni òun àti Afala ìyá rẹ̀ fojú rinjú, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyá náà ṣèrìbọmi ní 1848, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì tó fi omijé tọrọ ọmọ. Ní 1862, iná jó ilé Crowther ní Èkó, púpọ̀ nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sì bá a lọ. Odindi Bíbélì kò jáde títí di 1884. Bí mo bá gbé e lé orí ìrọ̀rí, mo máa ń rántí iná yẹn.

Àwa tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ti dáwó jọ, a ra ẹyọ kan fún bàbá yẹn. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mú fún wa kò pé, ojú-ewé ti fò nínú Ìsíkíẹ́lì. Ọmọ tó ń tajà pààrọ̀ rẹ̀ láìjanpata. Torí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí i wò láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, kí ẹ sì béèrè èyí tí wọ́n fi òwú rán ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀.