Làálì tàbí Ẹ̀lú: Èwo Ni Ká Fi Pa Ewú Láró Nílé?

N'Íbàdàn, làálì ló rọrùn jù láti rí. Ẹ yà sí Sábó, ẹ ó rí i lọ́dọ̀ àwọn Hausa, lílọ̀ kúnná bí èlùbọ́. Ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pò ó, ẹ bò ó fún wákàtí mélòó kan kí àwọ̀ rẹ̀ lè jáde, kí ẹ wá fi sórí fún wákàtí 2 sí 4. Ewú á pọ́n gan-an. Irun dúdú ò ní yí padà, inú oòrùn nìkan ni pípọ́n rẹ̀ á ti hàn.

Ẹ̀lú ò fẹ́ ìdúró. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ la fi ń pò ó, ojú ẹsẹ̀ la sì ń lò ó. Bí òun nìkan bá kan ewú, àwọ̀ rẹ̀ lè jọ búlúù tàbí ti ewé. Ẹ kọ́kọ́ lo làálì, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, kí ẹ tó fi ẹ̀lú lé e: ìgbà yẹn ló ń dúdú dáadáa. Èyí tí wọ́n lọ̀ fún irun ni mò ń wí o! Aró aládìrẹ tó ní kọ́sítíìkì nínú kò gbọdọ̀ kan orí.

Làálì lásán ni èmi fara mọ́, torí iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Àmọ́ ẹ sá fún "làálì dúdú" tó ń ṣèlérí dúdú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀: wọ́n sábà máa ń fi kẹ́míkà PPD sínú rẹ̀, ó sì lè bó awọ orí. Ẹni tí dókítà bá ti sọ fún pé ó ní àìtó G6PD (èròjà ara kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀), kó má fọwọ́ kan làálì rárá, ó lè ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́.