PROCESS fún ìtúpalẹ̀ alárinà: ohun tí ọdún mẹ́ta fi hàn mí

Ìwádìí lórí ìhùwàsí èèyàn ni iṣẹ́ mi. A mọ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì kì í sábà bá àwọn tó ń ṣe eré ìmárale tó bó ṣe ń bá àwọn tí kì í ṣe é. Ọ̀nà wo ló gbà rí bẹ́ẹ̀? Ṣé oorun gidi tí wọ́n ń sùn ni? Oorun yẹn là ń pè ní alárinà. PROCESS, makro (ètò kékeré tí à ń fi kún ètò ńlá) ọ̀fẹ́ tí Andrew Hayes kọ fún SPSS, SAS àti R, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò dátà, ni mo fi ń wá a. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un.

Ìlànà tí Baron àti Kenny gbé kalẹ̀ lọ́dún 1986 fún wíwá alárinà ni wọ́n fi kọ́ mi. Nínú rẹ̀, bí ipa àpapọ̀ (gbogbo ipa eré ìmárale lórí ìrẹ̀wẹ̀sì) kò bá ti hàn ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ó parí nìyẹn. Mo ti torí rẹ̀ pa odindi dátà kan tì rí, ó sì ń dùn mí títí di òní, torí pé ipa méjì lè pa ara wọn rẹ́: eré ìmárale lè mú oorun dára, kó sì tún mú kí ara máa ro èèyàn, kí àpapọ̀ wọn wá dà bí òfo.

PROCESS kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà báyẹn. Ẹ yan Model 4, èyí tó wà fún alárinà lásán, ẹ sọ èyí tó jẹ́ X (eré ìmárale), M (oorun, alárinà) àti Y (ìrẹ̀wẹ̀sì, àbájáde). Á ṣírò a, ìyẹn ipa X lórí M. Á ṣírò b, ipa M lórí Y nígbà tí X náà wà nínú ìṣirò. Á wá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Ká ní a jẹ́ 0.40, tí b jẹ́ -0.50, ipa tó gba ọwọ́ oorun kọjá jẹ́ -0.20. Bí ipa tààrà, èyí tí kò gba ọwọ́ oorun kọjá, bá jẹ́ -0.10, àpapọ̀ jẹ́ -0.30.

Bootstrap rẹ̀, ìyẹn ṣíṣa dátà kan náà lọ́pọ̀ ìgbà láti fi ṣírò, ni mo fẹ́ràn jù. Ìdánwò Sobel, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń yẹ ipa alárinà wò, gbà pé èsì ìsọdipúpọ̀ yẹn dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, bẹ́ẹ̀ ṣe ló sábà máa ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, pàápàá bí olùkópa kò bá pọ̀. PROCESS á máa ṣa àwọn olùkópa yín, ẹni tó ti ṣà á lè tún ṣà, títí wọ́n á fi pé iye tí wọ́n jẹ́. Á ṣírò, á tún bẹ̀rẹ̀, ó di ìgbà 5,000 bí ẹ kò bá yí i padà. Á to àwọn èsì náà láti orí èyí tó kéré jù, á gé 2.5% kúrò lókè àti nísàlẹ̀. Bí òdo kò bá sí nínú àlàfo tó ṣẹ́ kù, ẹ ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ seed sí i, ìyẹn nọ́ńbà tó ń jẹ́ kí ìṣà náà rí bákan náà nígbà mìíràn. Èmi ò kọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́, mi ò sì rí nọ́ńbà tó wà nínú ìjábọ̀ mi gan-an mọ́.

Nínú SPSS, bí ẹ bá ń fi syntax (àṣẹ tí à ń tẹ̀) ṣiṣẹ́, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i lẹ máa tún process.sps, fáìlì makro náà, rán. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ kan bá ṣófo nínú ohun tí ẹ ń ṣírò, á yọ ọ́ kúrò pátápátá. Kò sì mọ latent variable, ohun tí a kò lè wọ̀n ní tààrà àmọ́ tí a ń fi ìdáhùn mélòó kan mọ̀. Lavaan, package (àkójọ irinṣẹ́) R kan, ni kí ẹ lò fún ìyẹn.

Ohun tó gba oorun lójú mi rèé. Mo ṣe pàṣípààrọ̀ M àti Y lọ́jọ́ kan: mo sọ ìrẹ̀wẹ̀sì di alárinà, mo sọ oorun di àbájáde. Òdo tún wà níta! Tábìlì kan náà, ó mọ́ tónítóní. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo bi àwọn olùkópa ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí bí makro kankan ṣe lè mọ èyí tó ṣáájú. Kódà, bí a bá fi ìbò pín eré ìmárale fún wọn, a ò fi ìbò pín oorun. Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ lè ba oorun jẹ́, kó sì tún ba ọkàn jẹ́, ìyẹn á sì yí b po. Mo wá ń lo package R tó ń jẹ́ mediation mọ́ ọn, torí ó máa ń fi hàn bí irú ohun tó fara pamọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó kó tó lè pa ipa náà rẹ́.

Mo tún ìwádìí náà ṣe. Eré ìmárale ṣáájú, a wọn oorun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìrẹ̀wẹ̀sì ló kẹ́yìn, mo sì fi oorun àti ìrẹ̀wẹ̀sì tí wọ́n ní níbẹ̀rẹ̀ ṣe covariate, ìyẹn ohun tí a kà mọ́ ìṣirò kó má bàa da ipa náà rú. Model 4 yẹn náà ni. Ipa rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́, àlàfo rẹ̀ sì fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n òun ni mo fi orúkọ mi sí.