Ṣọ́ọ̀bù kẹ́míkà kan l'Ọ́jọ́ta: zinc acetate wọn dáa, omi wọn ni kò dáa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwádìí àṣekágbá ní UNILAG tàbí Yabatech, tí wọ́n bá ti ní kí ẹ lọ ra kẹ́míkà, Ọjọ́ta náà ni. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ń sọ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nínú ọjà kẹ́míkà ibẹ̀, màmá àgbà kan ló ni ín.

Zinc acetate ni mo lọ rà, torí òun ni mo fi ń ṣe fíìmù zinc oxide tín-ín-rín sórí gíláàsì. Semiconductor ni zinc oxide, ìyẹn ohun tó ń gbé iná mànàmáná ṣùgbọ́n tí kì í gbé e tó irin. Àlàfo agbára rẹ̀, ìyẹn agbára tí electron inú rẹ̀ nílò kó tó lè gbé iná, tó nǹkan bíi 3.3 eV (eV ni ìwọ̀n agbára kékeré). Ó ju agbára ìmọ́lẹ̀ tójú ń rí lọ, ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ tójú ń rí fi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Màmá kì í bu kẹ́míkà sínú ọ̀rá bíi tàwọn tó wà nísàlẹ̀. Ike tí èdìdì rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ló gbé fún mi, ó ní, "Ọmọ mi, ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára kó o tó sanwó." Mo kà á: 99% ni mímọ́ rẹ̀. Fíìmù tí mo fi ṣe mọ́ kedere, kò sì bó kúrò lára gíláàsì.

Omi wọn ńkọ́? "Distilled" ni wọ́n kọ sára kẹ́ẹ̀gì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kán nitric acid díẹ̀ àti silver nitrate sí i, ṣe ló funfun bí omi ògì. Chloride nìyẹn, irú èyí tó wà nínú iyọ̀, kò sì yẹ kó wà nínú omi distilled! Ẹ lo ti láàbù yín, ẹ jọ̀ọ́.

Owó wọn ga díẹ̀, àmọ́ Màmá máa ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ mú káàdì ilé ìwé dání.