Ẹ ṣọ́ra fún oní-Stratocaster "tuntun" tó ń kiri Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin olórin Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ àti Kútọnu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi MoMo ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nítorí gìtá.

Ọkùnrin kan ń polówó Stratocaster, gìtá oníná tí ilé-iṣẹ́ Fender ń ṣe, lórí WhatsApp àti Facebook. Player II ló máa ń pè é, ìyẹn èyí tí Fender gbé jáde ní 2024. Á ní ẹ̀gbọ́n òun ló fi ránṣẹ́ láti Faransé, pé wọn ò tíì fi ta ohùn kan rí. Irọ́ ni. Standard àtijọ́ ni, èyí tí Player ti gba ipò rẹ̀ láti 2018, tí wọ́n kàn nu ara rẹ̀ tó ń dán. Gìtá rẹ̀ tó ti dé orí tábìlì mi, níbi tí mo ti ń tún gìtá ṣe, ti ju ẹyọ kan lọ. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni mò ń sọ. Mi ò dárúkọ rẹ̀ torí pé orúkọ tó ń jẹ́ lónìí kọ́ ni yóò jẹ́ lọ́la, nọ́ńbà rẹ̀ náà sì ń yí.

Àwọn ìjọ ló ń fojú sí jù, pàápàá bí ìkórè bá ń sún mọ́lé. Ó mọ̀ pé ìgbìmọ̀ ìkórè á ti dá owó jọ, pé wọn á fẹ́ kí gìtá dé kí ọjọ́ náà tó pé, àti pé ọmọkùnrin tó ń tẹ dùùrù ni wọ́n sábà máa ń rán lọ rà á, kì í ṣe ẹni tó mọ gìtá. Ìlú wa yìí náà ni Ìjọ Sẹ̀lẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947. Ẹgbẹ́ akọrin tó wà níbí, ta ló lè kà á tán? Oníbàárà ò lè wọ́n ọkùnrin yìí. Á pe àgbà ní tọ́ńtọ̀n, á pe ọ̀dọ́ ní àbúrò mi, á ní nítorí iṣẹ́ Ọlọ́run lòun ṣe ń dín owó. Lẹ́yìn náà á béèrè owó àsansílẹ̀, torí pé "ẹnìkan ń bọ̀ láti Kútọnu lọ́la tó fẹ́ gbé e lọ". Bí ẹ bá ti san án, á fi ìpàdé sí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, lẹ́bàá ọjà Wàndó. Orí zém (ọ̀kadà) ló máa gbà wá, ẹlẹ́zém ò sì ní pa ẹ́ńjìnnì. Kò sí ámpù, kò sí iná, kò sí àyè láti tú nǹkan kan. Níbi tí ẹ ti ń yẹ gìtá wò, òun ń yẹ aago wò. Kí ẹ tó délé, nọ́ńbà yẹn ti kú.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ gìtá náà fúnra rẹ̀ wò, torí gbogbo ẹ̀tàn yìí dúró lórí pé èèyàn ò mọ ohun tó yàtọ̀ láàárín ti àná àti ti òní. Stratocaster tí wọ́n ń ṣe ní Mẹ́síkò, ní ilé-iṣẹ́ Fender tó wà ní ìlú Ensenada, ni mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi pè é ní Standard. Ní 2018 Player rọ́pò rẹ̀, ní 2024 Player II dé. Bí èèyàn bá dúró lókèèrè wò wọ́n, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ara wọn: píkọ́ọ̀pù mẹ́ta (ohun tó ń gba ohùn okùn sínú ámpù), ìwo méjì, orí kékeré. Ṣùgbọ́n Standard ní fírẹ́ẹ̀tì 21, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú pátákó ìka lórí ọrùn gìtá. Player àti Player II ní 22. Ẹ kà á. Ẹ ò nílò irinṣẹ́ kankan; bí fọ́tò tó fi ránṣẹ́ bá mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ lè kà á nínú ilé yín kí ẹ tó dáhùn. (Bóyá ìdí nìyẹn tí gbogbo fọ́tò rẹ̀ fi jẹ́ ti alẹ́.) Bí kíkà bá ń dàrú mọ́ yín lójú, ẹ wo ibi tí pátákó ìka ti parí lápá àyà gìtá. Lórí oní-22, pátákó náà gùn kọjá ìdí ọrùn, ó yọ bí ètè sórí ike tó bo àyà gìtá, ẹ sì lè ki etí bébà bọ abẹ́ rẹ̀. Lórí oní-21 kò sí ètè kankan níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, bríìjì, ibi tí okùn ti so mọ́ ara gìtá. Ti Standard ní skúrúù mẹ́fà tó tò sí iwájú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí Stratocaster ti kọ́kọ́ jáde ní 1954. Ti Player jókòó lórí òpó méjì péré. Ọ̀gbẹ́ni yìí mọ èyí dáadáa o. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo tú, ó ti yọ bríìjì oní-skúrúù mẹ́fà, ó fi oníòpó méjì kan tí kò lórúkọ rọ́pò rẹ̀, ó wá fi igi àti gúlúù dí àwọn ihò àtijọ́. Mo gbé bríìjì kúrò, ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níbẹ̀, wọ́n tò gbọọrọ. Òpó tó sì rì mọ́ inú igi rírọ̀ yẹn ń mì, torí náà gìtá náà kì í dúró lórí ohùn rárá. Bí ẹ bá fa apá tùrẹ́mólò (irin ara bríìjì tó ń mú ohùn gbọ̀n) lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó tún okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yí. Ìṣòro tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi nìyẹn. Ká ní ó fi í sílẹ̀ bí Fender ṣe ṣe é ni, gìtá gidi ni ì bá jẹ́.

Kí n sọ ìyẹn dáadáa, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń bú Standard. Igi alder tó dára ni ara rẹ̀, ọrùn rẹ̀ máple, àwọn tó ń ta jùjú sórí rẹ̀ kò sì ráhùn. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé "Standard 2006 ni, iye tí mo fẹ́ rèé", tí iye náà sì bójú mu, ẹ rà á. Lójú tèmi, ẹni tó ń kọ́ gìtá kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó burú ni kí èèyàn san owó Player II fún un. Owó tó yàtọ̀ láàárín wọn tó ra ámpù kékeré kan àti okùn tí ìjọ á lò fún ọdún kan gbáko.

Ohun tó wà nínú náà yàtọ̀. Píkọ́ọ̀pù Standard jẹ́ ti sẹ̀rámíìkì: bí ẹ bá tú ike àyà tí ẹ sì yí i padà, ẹ ó rí màgínẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ píkọ́ọ̀pù. Ti Player àti Player II jẹ́ alnico. Àwọn irin kéékèèké mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó dúró nínú rẹ̀ fúnra wọn ni màgínẹ́ẹ̀tì, kò sí pẹlẹbẹ kankan lábẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tú u dé ibẹ̀, òun náà sì mọ̀.

Ibi tó ti ń mú àwọn tó rò pé àwọn mọ nǹkan ni igi pátákó ìka. Ẹni tó ti kàwé díẹ̀ á ní: "Player II ní rósíwúùdù, Player kò ní. Èyí ní rósíwúùdù, ó ní láti jẹ́ Player II." Ó jọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ni. Ní January 2017, àdéhùn CITES tó ń dáàbò bo ẹranko àti igi inú igbó fi òfin sí títa gbogbo irú rósíwúùdù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ìdí nìyẹn tí Fender fi lo igi pau ferro fún Player tí pátákó ìka rẹ̀ dúdú nígbà tó jáde. Ní òpin 2019 òfin náà tú ohun èlò orin tí wọ́n ti ṣe tán sílẹ̀, Player II sì padà sí rósíwúùdù. Ṣùgbọ́n Standard tí wọ́n ṣe ṣáájú òfin yẹn, rósíwúùdù náà ló ní! Nítorí náà igi dúdú kò sọ nǹkan kan fún yín láàárín méjèèjì. Fírẹ́ẹ̀tì ló ń sọ ọ́.

Nọ́ńbà orí gìtá náà ń sọ̀rọ̀. Lórí àwọn ti Mẹ́síkò, MN jẹ́ ti àwọn ọdún 1990, nọ́ńbà tó tẹ̀lé e sì ni ọdún: MN5 jẹ́ 1995. MZ jẹ́ ti 2000 sí 2009: MZ3 jẹ́ 2003. Láti 2010 ó di MX pẹ̀lú nọ́ńbà méjì: MX12 jẹ́ 2012. Ó lè fi oṣù díẹ̀ yẹ̀, àmọ́ kò lè fi ogún ọdún yẹ̀. Gìtá tó bá ní MZ kò lè jẹ́ Player láéláé. Fender ní ibi tí ẹ lè tẹ nọ́ńbà sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kí ẹ wo ohun tó jáde. Ẹ ní kó ya nọ́ńbà náà ní fọ́tò kí ẹ tó jáde nílé. Bí ó bá ní ó ti pa rẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni mo rí lórí gìtá méjì tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan dúdú.

Ohun mìíràn tún ti dé tó ń da ọjà rú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 Fender tún gbé gìtá kan jáde tó ń jẹ́ Standard, ṣùgbọ́n Indonéṣíà ni wọ́n ti ń ṣe é, igi poplar ni ara rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti Player II. Kò sí àléébù nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí ẹnìkan bá ní "Standard ni", ẹ bi í: ti ọdún wo, ti orílẹ̀-èdè wo? Ẹ kà á lára orí gìtá fúnra yín, ẹ má gba ẹnu rẹ̀ gbọ́.

Bí ẹ bá sì já a lórí "tuntun", á yí ọ̀rọ̀ padà sí "àtijọ́". Ó ṣe é fún àgbà olórin kan ní Àjàrá. Nígbà tí bàbá náà ní Player II kò wu òun, ó ní ó dáa, òun ní Stratocaster 1972, ti ìgbà CBS, orí ńlá, ó ti ẹnubodè Ìgòlò wọlé láti Èkó. Òótọ́ ni pé lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ CBS ra Fender ní 1965 orí gìtá tóbi sí i. Ṣùgbọ́n orí ńlá wà lára Squier Affinity, gìtá olówó pọ́ọ́kú Fender, tí wọ́n ń ṣe lónìí náà, òun ló sì gbé wá, ó ti yọ orúkọ Squier, ó lẹ Fender mọ́ ọn. Ìpata tó wà lára skúrúù ló ń nà sí bàbá náà: "Ẹ wò ó, tọ́ńtọ̀n, ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀." Ẹ̀yin tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà, ẹ ò mọ bí irin ṣe ń dípata níbí ni? Òjò kan péré ti tó.

Bàbá náà yí gìtá padà, ó wo ìdí ọrùn, skúrúù mẹ́rin ló rí. Stratocaster 1972 ní mẹ́ta. 1971 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo mẹ́ta, wọn kò sì padà sí mẹ́rin títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Séléktọ̀ rẹ̀ (ohun tí a fi ń yan píkọ́ọ̀pù) tún ní ìdúró márùn-ún, bẹ́ẹ̀ 1977 ni Fender tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi márùn-ún sí i. Mẹ́ta ló wà tẹ́lẹ̀. Affinity tún fẹ́lẹ́ ju Fender lọ, ẹni tó bá ti gbé méjèèjì rí á mọ̀ lọ́wọ́. Bàbá ò bínú. Ó ní kó gbé e lọ fún ìyá rẹ̀.

Ìpàdé ọ̀sán ni kí ẹ gbà, níbi tí iná wà, ní ṣọ́ọ̀ṣì yín tàbí lọ́dọ̀ ẹni tó ní ámpù. Ẹ mú irin ìtú-skúrúù lọ́wọ́, ẹ sì sọ fún un ṣáájú pé ẹ ó tú ike àyà. Ẹni tó ń ta ojúlówó kò ní kọ̀. Ẹ má san owó àsansílẹ̀ kankan, kódà bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún sẹ́fà.

Ẹ̀yin tó ti san án, ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́ nítorí ìbínú. Ẹ tọ́jú mẹ́sééjì MoMo, nọ́ńbà ìsanwó wà nínú rẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi gba káàdì fóònù sì sábà máa ń hàn níbẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí kọ̀mísáríà tó súnmọ́ yín. CNIN, àjọ ìwádìí ti ìjọba, ló ń rí sí jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Bẹ̀nẹ̀ báyìí. Bí ìjọ bá lọ pọ̀, wọn á tètè dá wọn lóhùn ju ẹnìkan lọ.

Èyí tó ń gbé kiri lọ́wọ́lọ́wọ́ pupa ni, ike àyà funfun, pátákó ìka dúdú, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí díẹ̀ nídìí ìwo ìsàlẹ̀. Fírẹ́ẹ̀tì 21. Ó ń pè é ní Player II, 320,000 sẹ́fà. Bí ó bá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ fi fọ́tò náà hàn mí kí ẹ tó dá a lóhùn.