Winchester 94 Centennial '66: ṣé ìbọn ìrántí aláwọ̀ wúrà yìí tó owó tí wọ́n ń dá lé e?

Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta ìbọn àlòkù ní Amẹ́ríkà, ó ṣòro kí ẹ má rí Winchester 94 kan, ìbọn ọdẹ onílífà ilé-iṣẹ́ Winchester ti Amẹ́ríkà, tí irin àárín rẹ̀ ń dán yanran bíi wúrà. Centennial '66 ni. Ọdún 1966 ni Winchester ṣe é, láti fi ṣàjọyọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ìbọn 1866 tí wọ́n ń pè ní Yellow Boy nítorí idẹ ara rẹ̀. Ẹni tó ń tà á á sọ fún yín pé ìbọn ìrántí ni, pé wọn ò ní ṣe irú ẹ̀ mọ́, pé owó rẹ̀ á máa gòkè ni. Ìbọn náà dára. Ọ̀rọ̀ owó tó ń gòkè yẹn ni mi ò gbà.

Iye tí wọ́n ṣe lé ní 100,000. Buffalo Bill, ìbọn ìrántí mìíràn tí wọ́n ṣe ní 1968, náà lé ní 100,000. Wyoming Diamond Jubilee ti 1964, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1,500 péré, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Àmọ́ iye nìkan kọ́ ló ba ọjà jẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra Centennial '66 ló gbọ́ pé kí òun má yìn ín, ni wọ́n bá gbé e tòun ti páálí sórí àjà. Èyí tó mọ́ tónítóní ló wá pọ̀ jù lọ lọ́jà. Ẹ fi wé 94 lásán tí wọ́n ṣe ṣáájú 1964: àwọn ọdẹ lò ó, òjò pa á, ó họ, ìdí nìyẹn tí èyí tó ṣì dàbí tuntun nínú wọn fi wọ́n. Ẹ tún rántí pé dọ́là kan ọdún 1966 ju dọ́là mẹ́sàn-án lọ lónìí. Ìbọn tí wọ́n rà ní $100 nígbà yẹn gbọ́dọ̀ ju $900 kí ẹni tó ni ín tó lè sọ pé òun ò pàdánù, ká má tíì sọ èrè.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Wúrà ló wà lójú, àyípadà 1964 ló wà nínú. Ọdún yẹn ni Winchester bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tẹ awo tó ń gbé ọta sókè láti inú irin pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì ń lo píìnì oníhò (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń so nǹkan mọ́ra) dípò èyí tó ki. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bí ẹ bá fa lífà rẹ̀, irin abẹ́ ìbọn tí wọ́n ń fà láti kó ọta wọlé, sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń mì jìgìjìgì, kò rí bíi ti àtijọ́ tó máa ń yọ̀ lọ geere.

Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n pè ní "a ò tíì yìn ín rí" lẹ fẹ́ rà, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀. Ẹ tan iná kékeré sí i. Ẹ kọ́kọ́ ri dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí ẹ wá ṣí lífà lẹ́ẹ̀kan péré, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nítorí pé bolt, irin tó ń ti ọta wọlé, máa ń gba orí òòlù ìbọn kọjá nígbà tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì máa ń fi ìlà dídán sílẹ̀. Bí ìlà yẹn bá ti jinlẹ̀, wọ́n ti fa ìbọn náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ wo iwájú bolt, níbi ihò kékeré tí abẹ́rẹ́ ìbọn ti ń yọ: bí àmì idẹ roboto bá yí i ká, ìbọn ti dún. Ẹ wo ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń ti ọta gbà, ìdí ọta máa ń họ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo etí irin àárín lábẹ́, níbi tí ọwọ́ ti máa ń gbé ìbọn. Wúrà ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣí, torí pé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó. Ẹnu síkúrù tó ti ya tún ń sọ fún yín pé ẹnìkan ti tú u. Ẹ bi í nípa páálí àti ìwé rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá wà lára páálí, kó bá ti ara ìbọn mu. Láìsí páálí, ẹ má san owó tí wọ́n ń san fún èyí tó ní i.

Èyí tí mo máa ní kí ẹ rà gan-an ni èyí tí wọ́n ti yìn, tí kò ní páálí, tí wúrà rẹ̀ ti họ díẹ̀. Àwọn tó ń kó ìbọn jọ kì í fẹ́ ẹ, nítorí náà owó rẹ̀ kì í pọ̀. Ọ̀pá rẹ̀ onígun mẹ́jọ, yálà ti íǹṣì 20 tàbí 26, wúwo ju ti 94 lásán lọ, ó sì máa ń dúró sójú kan lọ́wọ́. Ọta .30-30 tó ń jẹ dára gan-an fún àgbọ̀nrín. Ọta tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí ẹ rà o: inú túùbù ni wọ́n ń tò tẹ̀ léra wọn, ẹnu ọ̀kan ló sì ń kan ìdí ìkejì, ẹnu ṣóńṣó lè mú kó dún nínú túùbù. Ẹ má lu ihò sí i nítorí awò, ìyẹn ohun tí wọ́n ń dè mọ́ ìbọn láti fi wo ọ̀nà jíjìn. Òkè ni kóro ọta ń gbà jáde, awò tó bá wà lókè á dí i lọ́nà, ihò náà á sì ba ohun tó kù lára iye rẹ̀ jẹ́.

Ní ti àwọn tó ń polówó ìbọn tí wọ́n ní 300 péré ni àwọn ṣe, ẹ ṣọ́ra. Ìbọn lásán ni àwọn oníṣòwò mìíràn máa ń rà, tí wọ́n á fi kẹ́míkà ya àwòrán sí i, tí wọ́n á fi wúrà bò ó. Ẹ fi awò asọ-ńkan-di-ńlá wò ó: ibi tí ọwọ́ bá fín máa ń dán, etí rẹ̀ kì í dọ́gba, ibi tí kẹ́míkà bá jẹ máa ń rí kúrukùru nísàlẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló yẹ kí ẹ fowó kún ìbọn fún.

Fóòmù funfun inú páálí máa ń gba ọ̀rinrin mọ́ra. Ẹ tọ́jú páálí sọ́tọ̀, kí ẹ gbé ìbọn sínú àpótí irin pẹ̀lú sílíkà jẹ́lì tó ń fa ọ̀rinrin, kí ẹ fi òwú tó ní òróró díẹ̀ nù ún. Ẹ má fi Brasso kàn án láé, wúrà ló máa nù kúrò. Àpò aláwọ pẹ̀lú máa ń mú irin dípẹtà.

Fún àwa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà: ìbọn yìí ti lé ní ọdún 50, ẹni tó bá ní láísẹ́ǹsì akóǹkan-jọ, tó jẹ́ $30 fún ọdún 3, lè rà á wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn tààrà, bí òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá gbà. Ẹni tí kò bá ní i á gba ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó ní láísẹ́ǹsì, á kọ fọ́ọ̀mù 4473, ìwé ìjọba tí ẹni tó ń ra ìbọn lọ́wọ́ oníṣòwò máa ń kọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nítorí pé ìbọn ìrántí ni, òun lè kó o sínú ẹrù lọ sí Nàìjíríà láìgbàṣẹ. Ìbọn ni òfin ibẹ̀ máa pè é, pẹ̀lú gbogbo wúrà ara rẹ̀.