Àtè àfòpiná lórí igi plum mi: ohun tí mo rí lẹ́yìn ọdún méjì

Kí n tètè sọ ọ́: lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo lo pákúté yìí, ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni ǹ bá fún un. Lónìí, mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Pákúté náà kò yí padà o. Èmi ni mo rà á fún iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tó wà nínú páálí rẹ̀ kò tó nǹkan. Pátákó oníke fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí a máa ká bí òrùlé ilé, tí ojú méjèèjì rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Páálí pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n fi àtè kùn wà, èyí tí a máa tẹ́ sí ìsàlẹ̀ inú rẹ̀. Wáyà tí a ó fi gbé e kọ́ wà, àti rọ́bà kékeré méjì tí wọ́n dì sínú ọ̀rá. Rọ́bà yẹn gan-an ni owó tí a san. Wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú irú òórùn tí abo àfòpiná plum, Grapholita funebrana, máa ń tú jáde láti fi pe akọ. Akọ á gbóòórùn, á rò pé ìyàwó ń dúró, á wọlé, àtè á sì mú un lẹ́sẹ̀. Imú èèyàn kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Ohun tó sún mi rà á ni pé lọ́dún tó ṣáájú, ó ju ìdajì èso mi lọ tó ní ìdin nínú. Èso á ti pọ́n ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, inú mi á dùn pé mo ti rí àkọ́so. Bí mo bá là á báyìí, ìdin pupa rúsúrúsú kan á yọjú, orí rẹ̀ á ní àwọ̀ búráùn, ìgbẹ́ dúdú á sì yí kóró ká. Ọmọ mi gé ọ̀kan jẹ dé ìdajì, ó ní kí n wá wo nǹkan tó ń mì. Láti ọjọ́ náà, bí kò bá là á wò, kò ní fi kan ẹnu.

Mo gbé pákúté kọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti mú nǹkan bí ogójì. Mo ń yọ̀, mo ń ya fọ́tò, mo ń fi han gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ìgbà tí èso pọ́n ni ojú mi já a: ìdin inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Mo kọ̀wé ìbínú sí ẹni tó tà á fún mi. Èsì tí mo gbà kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìwé ìlànà. Ó dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Lẹ́tà kéékèèké ìsàlẹ̀ ìwé náà sọ pé láti fi ṣọ́ ìgbà tí àfòpiná bá dé ni pákúté yìí wà fún, pé akọ nìkan ló ń mú. Akọ tó bá ṣẹ́ kù lè gun abo tó ju ẹyọ kan lọ, abo tó ti gba akọ níbòmíràn sì lè fò wọlé wá yé ẹyin sórí èso mi. Ogójì akọ tó kú kò ṣèdíwọ́ fún ìyẹn. (Ẹni tí igi rẹ̀ bá dá dúró, tí kò sí plum mìíràn nítòsí, lè rí ìdínkù díẹ̀. Tèmi kò dá dúró.)

Lọ́dún kejì ni mo wá lò ó bó ṣe yẹ. Bí òdòdó ṣe rẹ̀ tán, mo gbé e kọ́ ní ìwọ̀n ibi tí orí mi ga dé, sí ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Mo ń ka ohun tó bá mú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, méjì. Ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mọ́kàndínlógún! Ohun tí pákúté ní láti sọ nìyẹn: wọ́n ti dé, wọ́n ti ń gun ara wọn, ẹyin ti ń bọ̀. Abo máa ń yé ẹyin sí abẹ́ èso, ẹyin náà kò tó orí abẹ́rẹ́ ìdìmú, kì í sì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá lọ kó tó pa, bí ooru bá ṣe tó. Ìdin kì í pẹ́ níta rárá. Bó bá ti gbẹ́ ihò wọlé, kò sí oògùn tí a fọ́n sára èso tó lè bá a níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ọdún tí mo ti ń fọ́n oògùn nígbà tí mo bá rí ihò, ará ilé tó ti tilẹ̀kùn mọ́rí ni mo ń kanlẹ̀kùn fún.

Ní ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí iye yẹn ga sókè, mo fọ́n Bt, oògùn tí wọ́n fi bakitéríà Bacillus thuringiensis ṣe. Ìdin gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, oòrùn sì máa ń tètè ba agbára rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni mo fọ́n ọn, mo sì tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ nígbà tí òjò fọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tí ìran kejì tún gbéra sókè ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, pákúté tún sọ fún mi. Nígbà ìkórè, mo la ọgọ́rùn-ún èso, mẹ́rìnlá ló ní ìdin. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí pákúté yìí kò lè ṣe fún ẹ ni pé kó sọ irú kòkòrò tó ń yọ ẹ́ lẹ́nu bí kì í bá ṣe àfòpiná. Mo jìyà èyí náà. Lọ́dún àkọ́kọ́, èso kéékèèké ti ń já bọ́ nígbà tí pákúté ṣì ṣófo, mo ní ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ìdin funfun bíi wàrà ló wà nínú àwọn yẹn, ihò wọn tóbi, omi dúdú tó ń rùn sì ń jáde lójú rẹ̀. Sawfly nìyẹn, ẹ̀dá tó súnmọ́ agbọ́n, tó ń yé ẹyin sínú òdòdó, tí ìdin rẹ̀ ń ti inú èso kan bọ́ sínú òmíràn. Bt tó ń pa ìdin àfòpiná kì í ràn án. Àtè funfun tó jọ òdòdó ni wọ́n ń dẹ fún un, kí òdòdó tó là. Ní Amẹ́ríkà Àríwá, kòkòrò onímú gígùn ló wọ́pọ̀, èyí tó ń fi àpá tó tẹ̀ bí oṣù tuntun sára èso. Ìdin tirẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ rárá, ìyẹn sì ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti fi dá a mọ̀. Tí ewé bá ń ká kò, tí oje dídùn ń kán, tí èèrà ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀, aphid ni, kòkòrò kékeré tó ń fa oje ewé mu. Pákúté yìí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àbùkù rẹ̀ wà. Wáyà rẹ̀ rọ̀ jù, ìjì kan ló gbé tèmi jù sínú koríko. Rọ́bà kì í lò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, méjì inú páálí kò sì tó láti parí àsìkò, mo ní láti ra òmíràn. Àtè náà kì í mọ ẹni tí a dẹ ẹ́ fún: eṣinṣin, ewé gbígbẹ, àti irun orí mi nígbà kan. Àfòpiná mìíràn tún wà, Grapholita molesta, tí òórùn abo rẹ̀ sún mọ́ ti èyí gan-an, ó máa ń wọlé, ó sì jọ ọ́ débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n. Mo rò pé ara ogójì tí mo fi yangàn lọ́dún àkọ́kọ́ jẹ́ tàwọn àjòjì.

Bí o bá ń wá ohun tí wàá gbé kọ́ kí o sì lọ sùn, má rà á. Bí o bá ní sùúrù láti máa kà á, tí o sì ti la èso wò láti mọ ẹni tó ń jà ẹ́ lólè, rà á, kí o sì fi páálí tí inú rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ yí ìdí igi ká bí èso bá ti ń pọ́n, kí ìdin lè sá pamọ́ síbẹ̀. Mo tú tèmi lẹ́yìn ìkórè, ìdin mọ́kànlá ti fi òwú bo ara wọn sínú rẹ̀ dé ọdún tó ń bọ̀. Mo sun wọ́n.

Rọ́bà tuntun méjì ti wà nínú fíríìjì báyìí kí òórùn rẹ̀ má bàa sá. Ìyàwó mi ti fi bírò kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀: KÌ Í ṢE JÍJẸ.